Kì í ṣe inú gbọ̀ngàn nìkan ni àríyá wà lókè òkun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ìlú Haarlem ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, ilẹ̀ tí àwọn ìyá wa mọ̀ sí Hóláńdì nítorí ankara. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ni mo sì ti máa ń ka ìwé ìròyìn yín lórí fóònù. Ojú ìwé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwa ará òkè òkun ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí. Òun náà ló mú mi gbé kálàmù.

Nǹkan méjì ni mo máa ń bá níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni fọ́tò àwọn èèyàn wa nínú gbọ̀ngàn: ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún, aṣọ ẹbí tó ń dán gbinrin, bí wọ́n ṣe ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Ìkejì ni lẹ́tà àwọn tó ń ráhùn pé ìlú òyìnbó tutù, pé èèyàn lè gbé ilé kan fún ọdún gbọọrọ láì mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N kò ní wọ́n purọ́. Èmi náà ti jókòó ti fèrèsé rí nínú oṣù kìíní, tí ilẹ̀ ń ṣú ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí mò ń bi ara mi pé kí ni mo tilẹ̀ wá ṣe níbí. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó sọ lójú ìwé yẹn ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ láti ìparí oṣù kẹta títí wọ oṣù karùn-ún, nígbà tí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn bá jáde síta. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá lo gbogbo ìgbà ìrúwé nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n fi aṣọ bo fèrèsé rẹ̀, kò yẹ kó wá máa ráhùn nínú oṣù kọkànlá pé òun ò mọ ẹnì kankan.

Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta ni wọ́n máa ń ti aago síwájú níbí. Aago méjì òru á di aago mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ òru fẹ́ràn rẹ̀ gidi, torí wákàtí kan á yọ kúrò nínú iṣẹ́ wa. Láti ọjọ́ náà lọ, oòrùn ò tètè wọ̀ mọ́. Tó bá fi máa di oṣù karùn-ún, ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àwọn kan náà tí ẹ ní wọn kì í kí èèyàn á gbé àga wá síwájú ilé, wọ́n á na ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà, wọ́n á gbé ife kọfí dání, wọ́n á sì máa kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Òtútù ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ìwà.

Ìjáde tí àwọn ìbejì mi fẹ́ràn jù lọ kì í ṣe ti òdòdó o, ti màlúù ni. Gbogbo ìgbà òtútù ni àwọn màlúù fi máa ń wà nínú ilé wọn. Tó bá di oṣù kẹrin, tí koríko ti hù dáadáa, àwọn àgbẹ̀ kan á dá ọjọ́, wọ́n á sì ní kí ará ìlú wá wo bí àwọn ṣe fẹ́ tú wọn sílẹ̀. Tọmọdé tàgbà á tò sẹ́yìn okùn. Àgbẹ̀ á ṣí ilẹ̀kùn. Èyí tó wà níwájú á kọ́kọ́ yọ orí, á dúró, á gbóòórùn koríko, bí ẹni pé kò gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn á tú jáde. Màlúù tó wúwo ju kílò 600 lọ á fò sókè, á ta ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọmú á máa jù sọ́tùn-ún sósì, òmíràn á sáré lọ dé ìpẹ̀kun pápá, á tún sáré padà, méjì á máa fi orí kan orí. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa hó. Kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, gbogbo wọn á dorí kodò, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kẹ́hìndé bi mí nígbà kan pé, "Màmá, ṣé ìgbà tí wọ́n jó tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé oúnjẹ ni àwọn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀?" Àgbẹ̀bìnrin tó dúró nítòsí ní kí n túmọ̀ ohun tí ọmọ náà sọ. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì bu wàrà tútù fún àwọn méjèèjì.

Òdòdó ni gbogbo ayé mọ orílẹ̀-èdè yìí mọ́, a ò sì lè sọ ọ́ kó má kàn án. Láàárín Haarlem sí Leiden ni ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin tulip wà. Ọgbà Keukenhof tó wà ní Lisse tóbi tó hẹ́kítà 32. Nǹkan bíi mílíọ̀nù méje ìdí òdòdó, èyí tó rí bí àlùbọ́sà, ni wọ́n máa ń fọwọ́ gbìn síbẹ̀ kí òtútù tó dé, àti láti ọdún 1950 tí wọ́n ti ṣí i fún ará ìlú, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ni wọ́n fi ń ṣí i lọ́dún. Ó rẹwà, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n owó ìwọlé rẹ̀ kì í ṣe kékeré fún bàbá, ìyá àti ọmọ méjì, èrò ibẹ̀ sì pọ̀. Kẹ̀kẹ́ ni àwa máa ń gùn lọ sí oko tó wà nítòsí ibẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gbowó lọ́wọ́ yín. Ìlà pupa, ìlà yẹ́lò, ìlà elésè àlùkò, gbọọrọ títí tí ojú ò fi tó o mọ́.

Ohun kan wà tó máa ń ba ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́rù. Ẹ ó ṣì máa wo òdòdó náà, ẹ̀rọ kan á dédé wọ inú oko, á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ gbogbo orí wọn jùnù. Mo ti rí obìnrin kan tó figbe ta. Ìdí tó wà nínú ilẹ̀ ni àgbẹ̀ ń tà. Bí òdòdó bá pẹ́ lórí igi, agbára tó yẹ kó lọ sí ìdí ló ń jẹ. Òdòdó tí a torí rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ wá, ohun tí àgbẹ̀ fẹ́ gé dànù ni. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ máa ń wé gèlè, tẹ́ ẹ máa ń wọ àárín oko olóko torí àtiya fọ́tò, ẹ dúró sójú ọ̀nà. Bàtà yín ń tẹ ọjà ẹlòmíì mọ́lẹ̀, ó sì lè kó àrùn láti oko kan lọ sí òmíràn. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sára pátákó, àwòrán sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò bá lè kà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń to ọkọ̀ olódòdó lọ láti Noordwijk, létí òkun, wá sí Haarlem wa níbí. Kìlómítà 42 ni. Àárọ̀ ni wọ́n ń gbéra, alẹ́ ni wọ́n ń wọlé, pẹ̀lú iná àti fèrè. Ẹnì kan nínú ìjọ wa bi mí bóyá òrìṣà ni wọ́n ń fi òdòdó yẹn bọ. Mo ní ọjà ni wọ́n ń bọ, ma: àwọn tó ń gbin òdòdó ló ń polówó ara wọn, wọn ò sì fi bò. Mo gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó lọ sí Sassenheim ṣáájú ọjọ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn ọkọ̀ náà lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ ó bá àwọn èèyàn tó yọ̀ǹda ara wọn níbẹ̀, àwọn mìíràn ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ, lórí àkàbà, lórí ìkúnlẹ̀, tí wọ́n ń já òdòdó hyacinth wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́ ara ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òórùn rẹ̀ lágbára débi pé orí á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ yín. Bí ẹ bá dúró pẹ́, wọ́n lè na abẹ́rẹ́ sí yín.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n máa ń fi àwọn ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní àárín ìlú kí èèyàn lè wò wọ́n fínnífínní. Ọjọ́ yẹn ni àwa òṣìṣẹ́ máa ń fi àga oníkẹ̀kẹ́ ti àwọn arúgbó wa jáde. Ìyá àgbà kan wà lára wọn tí èmi ni mo máa ń wẹ̀ fún láàárọ̀. A ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mọ orúkọ mi, èmi náà mọ̀ pé kì í fẹ́ kí omi gbóná jù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a dé iwájú ọkọ̀ kan tí wọ́n fi tulip pupa ṣe etí rẹ̀, ó fọwọ́ kan èyí tó sún mọ́ ọn jù, ó ní, "Mo jẹ èyí rí." Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń sọ̀rọ̀. Ó rí i lójú mi, ó sì tún un sọ. Ó ní kì í ṣe hyacinth o, májèlé ni ìyẹn. Ìdí tulip ni.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yẹn, láàárín èrò, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ yìí yanṣẹ́ lódì láti ran àwọn ọmọ ogun tó ń bọ̀ wá gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì tó gba ìlú bínú, wọ́n dènà oúnjẹ tó ń lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí Amsterdam àti Haarlem wà. Lẹ́yìn náà ni òtútù dé, odò di yìnyín, ọkọ̀ ojú omi pàápàá ò lè rìn. Nǹkan bí 20,000 èèyàn ni ìyà ọdún yẹn pa. Ọmọdé ni ìyá yìí nígbà náà. Ó fi èékánná rẹ̀ hàn mí bí màmá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe ìdí tulip: á bó o, á là á sí méjì, á yọ ohun yẹ́lò kékeré tó wà láàárín rẹ̀ sọnù torí ìyẹn ló ń ṣeni ní jàǹbá, kó tó sè é. Mo ní báwo ló ṣe rí lẹ́nu? Ó ní, "Ó gbẹ. A jẹ ẹ́." Ó wá ní kí n ti òun lọ síbi ọkọ̀ tó kàn.

Ẹ ò rí i bí mo ṣe ń wẹ̀ fún èèyàn láràárọ̀, tí n kò mọ ẹni tí mò ń wẹ̀ fún. Kò sí fáìlì tí wọ́n kọ ọ́ sí. Inú yàrá ìwẹ̀ ò lè mú un sọ ọ́. Ìta ló sọ ọ́.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ni ọjọ́ ìbí Ọba Willem-Alexander, gbogbo ìlú ló sì ń bá a ṣe é. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, wọ́n á fà á padà sí ọjọ́ 26, bó ṣe rí lọ́dún 2025. Kó tó gorí oyè lọ́dún 2013, ọjọ́ 30 oṣù náà ni wọ́n ń ṣe é, èyí tó jẹ́ ọjọ́ ìbí ìyá ìyá rẹ̀, Ọbabìnrin Juliana. Ọbabìnrin Beatrix tó bí ọba yìí, ìparí oṣù kìíní ni wọ́n bí i. Ó fi ọjọ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni bá a jiyàn, torí ta ni ó jó nínú yìnyín? Ẹni tó bá ti wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde rí lè máa retí ẹṣin àti ìbọn. Kò sí. Ìlú kan ni ọba máa ń yàn lọ́dọọdún, Emmen lọ́dún 2024, Doetinchem lọ́dún 2025; òun àti ìyàwó rẹ̀ Máxima àtàwọn ọmọ wọn á fẹsẹ̀ rìn láàárín èèyàn, wọ́n á máa bọ ará ìlú lọ́wọ́.

Àwa yòókù, ọjà ni a máa ń ná. Ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè pàtẹ àlòkù ẹrù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láìgba ìwé àṣẹ. Ní Utrecht, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sùn. Ṣáájú ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn á ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ níbi tí wọ́n fẹ́ jókòó sí, wọ́n á kọ BEZET síbẹ̀, ìyẹn ni pé ibẹ̀ ti lẹ́ni, kò sì sí ẹni tó máa gba ibẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Aṣọ olómi ọsàn ni gbogbo èèyàn ń wọ̀, torí ìdílé Orange ni ọba ti wá. Èmi rán ankara olómi ọsàn. Kí n tó dé ìkóríta, àwọn obìnrin tí n kò mọ̀ rí ti dá mi dúró láti bi mí ibi tí mo ti rà á.

Ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọdún méje lọ ń ta ìwé ìtàn ní yúrò méjì. Mo ní kó gba yúrò kan. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ìwé náà ò ya níbì kankan. Mo yí padà, mo ṣe bí ẹni tó ń lọ, bí a ṣe máa ń ṣe. Kò pè mí padà. Mo san yúrò méjì.

Táyé àti Kẹ́hìndé kó ohun ìṣeré wọn tà, àmọ́ bàbá wọn ló pa owó jù. Wọ́n ní kó jókòó sórí àpótí, wọ́n bu omi sínú garawa, ẹni tó bá san 50 sẹ́ǹtì á ju kàn-ìn-kàn-ìn tó tutù lù ú lójú. Ọkùnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wa, tí "ẹ káàárọ̀" nìkan ń dà wá pọ̀ tẹ́lẹ̀, ló kó yúrò méjì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó jù ú, ó bà á ní gbogbo ìgbà. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ni ìyàwó rẹ̀ gbé àga jáde, a sì jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Nínú oṣù kọkànlá, tí ẹ̀rọ tó ń mú ilé wa gbóná dákẹ́ lóru, ilẹ̀kùn ọkùnrin yìí ni a kàn, aṣọ ìsùn ló sì wọ̀ wá tún un ṣe.

N kò ní gbogbo rẹ̀ dùn. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń mutí yó lọ́jọ́ náà, ìdọ̀tí á gba ìgboro, ọkọ̀ ojú irin á kún fọ́fọ́, òjò sì lè bà á jẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré, kó tètè lọ, kó tètè padà.

Ẹ má sì torí ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún òmìnira wọn lọ́wọ́ Jámánì, fo ọjọ́ 4 kọjá. Ọjọ́ 4 ni wọ́n ń rántí àwọn tó kú sí ogun. Àsíà á wà ní ìdajì òpó, tó bá sì di aago mẹ́jọ alẹ́, gbogbo orílẹ̀-èdè á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Tíráàmù á dúró. Bí ẹ bá wà ní ìta, ẹ dúró, ẹ pa fóònù yín. Níbi iṣẹ́, inú pálọ̀ ni a máa ń kó àwọn arúgbó jọ sí, níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ dígí ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí ìṣẹ́jú méjì fi pé. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bu tíì wá, kí n má fi ṣúgà sí i. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ìlù bẹ̀rẹ̀ nínú igbó Haarlemmerhout: Bevrijdingspop, àjọ̀dún orin ọjọ́ òmìnira, ọ̀fẹ́ ni, láti ọdún 1980 ni wọ́n ti ń ṣe é nílùú wa. Ọmọ lórí èjìká bàbá, arúgbó lórí àga, ẹni tó ń sunkún lánàá ń jó lónìí. Ọjọ́ 4 ló jẹ́ kí n mọ ìdí tí wọ́n fi ń jó.

Olóòtú, n kò ní ká má ṣe òde wa mọ́. Aṣọ ẹbí tèmi náà kún àpótí. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ fún wa láyè lójú ìwé yẹn, kí ẹni tó wà ní Dublin, ní Toronto, ní Houston, kọ̀wé wá sọ ohun tí àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ń ṣe bí òtútù bá lọ, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é, iye tó ń náni àti ohun tí àlejò ò gbọdọ̀ ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á ti rí ibi tó máa gbà bẹ̀rẹ̀.

Ní ti Haarlem, ẹni tó bá wà ní Leiden tàbí Amsterdam tó fẹ́ bá wa lọ wo màlúù nínú oṣù kẹrin, kó wọ bàtà òjò wá. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ kò mọ bàtà olówó ńlá.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Haarlem, Nẹ́dálándì.